Irọ́ Tí Mo Pa Nídìí Sinimá Alágbádá Dúdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọpọlọ mi ò gbé nǹkan dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn síwájú, ẹ bá mi tò ó. Àná yìí ni mo wá fìlà mi títí, orí mi ló wà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sọ́jọ́ tí mo gbàgbé ẹ̀. Àwọn nǹkan tó yẹ kí n rántí ló ń sá lọ, èyí tó yẹ kó lọ ló jókòó.

Mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi, Rùkáyá, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní àwọn èèyàn máa ń kọ̀wé sí ojú ewé yín, wọ́n á jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ̀yin náà á gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ mi ń pè mí ní Baba Dákẹ́ lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ti tó mi í jẹ dọ́jọ́ ikú.

Ohun tí mo ṣe rè é. Mo pa irọ́ kan. Irọ́ náà gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì ba ilé onílé lórúkọ jẹ́. Ẹni tí mo pa á mọ́ ò tíì mọ̀ títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti kírun tán, ló ń wá kí mi. Fóònù Rùkáyá ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí. Màá débẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àjèjì máa lọ ní Gánà, èmi náà wà nínú àwọn tó di ẹrù. Kùmásì ni mo wà, abọ́ tánganran ni mò ń kiri. Mo gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ dáadáa. Mo lè fi nájà, mo lè fi bú èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni mi ò gbọ́. Kí ló máa gbé èmi alábọ́ dọ́dọ̀ òyìnbó?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìlobù, gbogbo wọn gbà pé ẹni tó bá ti Gánà dé, ó ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò kàwé o, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi." Wọ́n pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ, wọ́n ní kí n sọ díẹ̀. Mo sọ èdè Aṣántì. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mú abọ́ méjì, màá dín in kù fún ẹ." Àwọn ìyá yẹn pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òyìnbó gidi ni mò ń sọ, òun gbọ́ ọ nímú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dójú ti ìyá mi?

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin kan tó ń gbé sinimá káàkiri dé sí Ìlobù. Ọ̀gá Mọ́ndé là ń pè é. Ará ọ̀nà Wàrì ni. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó ń fi kí èèyàn láàárọ̀, ó ń fi kí èèyàn lálẹ́. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan, àti ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, àti aṣọ funfun gbàgàdà kan tó máa ń ta mọ́ ògiri ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ló máa ń fi sinimá hàn. Ó ń wá ẹni tó máa di gbohùngbohùn mú, tó máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú ẹ̀ ń wí. Gbogbo ọwọ́ ló nà sí mi.

Bí mo ṣe dògbufọ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Mọ́ndé ò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn èèyàn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ ohun tí mi ò sọ. Àwọn tíṣà tó gbọ́ ọ kì í wá, wọ́n ní ìranù ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wá, ariwo ẹ̀rọ iná àti ohùn tèmi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òyìnbó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Sinimá kan wà nínú àwọn tó ń gbé wá, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan ni. Sinimá òkú kan ni. Òkú yìí á sùn sínú pósí ní gbogbo ọ̀sán. Bílẹ̀ bá ṣú á dìde, á da aṣọ dúdú kan bora, á máa wá ọrùn ọmọbìnrin tó máa mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Bí sinimá bá ń parí lọ wọ́n á pa á. Nínú èyí tó bá tẹ̀lé e, á tún ti jí. Mi ò mọ orúkọ tí òyìnbó pè é. Èmi sọ ọ́ ní Alágbádá Dúdú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Mo máa ń wo ojú wọn àti ọwọ́ wọn, màá fi hun ìtàn. Ọjọ́ kan, wọ́n so nǹkan kan tó jọ àlùbọ́sà mọ́ fèrèsé ọmọbìnrin kan. Mo ní ìyá ọmọ náà ló ń sá a, ó fẹ́ fi sebẹ̀ ni. Ìgbà tí Alágbádá Dúdú défèrèsé, tó rí i, tó fà sẹ́yìn, mo ní ó ti gbóòórùn ọbẹ̀ náà, ó rí i pé kò sẹ́ran níbẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ̀rù á tún bà wọ́n, wọ́n á dira wọn lọ́wọ́ mú lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n tún purọ́ lórí irọ́. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Èmi tí mò ń kiri abọ́, tí wọ́n lé wálé pẹ̀lú àpò kan, gbogbo ìlú ń dákẹ́ torí kí n lè sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Ìfọ́n náà máa ń wá. Ìfọ́n ò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Baba àgbẹ̀ kan wà nínú wọn tí kì í pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Ọmọ wọn obìnrin, Àdùkẹ́, ló máa ń bá wọn ru àga. Baba á jókòó níwájú pátápátá, wọ́n á máa bá àwọn tó wà nínú sinimá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn ẹ, wẹ̀yìn ẹ. Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ohun tí mo bá sọ, wọ́n á gbà á bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

Àdùkẹ́ ní tiẹ̀ kì í wo aṣọ funfun. Ẹnu mi ló máa ń wò. Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ torí kó lè máa wò mí.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi Àdùkẹ́ fún Làmídì. Làmídì ni ọ̀rẹ́ mi tí mò ń wí. Ará Ẹ̀rìn ni, dírẹ́bà lọ́rì ni. Òru ló máa ń kó iṣu lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀sán ló máa ń sùn. Ojú ẹ̀ máa ń pọ́n nítorí àìsùn, ẹnu ẹ̀ náà máa ń pọ́n nítorí obì tó ń jẹ kó má bàa tòògbé nídìí ọkọ̀. Ó ní kóòtù dúdú kan tó máa ń wọ̀ torí òtútù. Ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ.

Èèyàn dáadáa ni. Bó bá ti ọ̀nà dé, á yà lọ́dọ̀ mi, á ní, "Ará Gánà, sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ fún mi, oorun ń kùn mí." Ó ti gbé ìyá mi àti ẹrù wọn dé Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹbí ẹ̀ ti tọrọ Àdùkẹ́, wọ́n ti gbé nǹkan lọ sí Ìfọ́n, wọ́n ti gbà á. Ó ku kí wọ́n so yìgì.

Ọ̀gá Mọ́ndé wá kéde pé èyí tó ń bọ̀ ni ìparí. Wọ́n máa pa Alágbádá Dúdú yányán, kò ní jí mọ́. Lọ́jọ́ náà, ibi tí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ lé ò sí. Ìlobù wà níbẹ̀, Ìfọ́n wà níbẹ̀, àwọn kan ti Ẹ̀rìn wá. Làmídì ò wá, ó wà lójú ọ̀nà.

Nínú sinimá yìí, ọkùnrin kan ń da àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́. Òru ló ń rìn. Ó wọ kóòtù dúdú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọbìnrin arẹwà kan, ó gbójú sókè, ó ń wo fèrèsé ẹ̀. Mo wo ọkùnrin náà. Mo wo Àdùkẹ́. Ẹnu mi kàn là ni.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ẹni yìí dáadáa. Awakọ̀ ni. Òru ló ń rìn, ọ̀sán ló ń sùn. Ọmọ iṣẹ́ Alágbádá Dúdú ni. Òun ló ń lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ baba ọmọ. Á gbéṣu wá, á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó bá gbé ọmọ náà sọ́kọ̀, ọ̀dọ̀ òkú ló ń gbé e lọ."

Ṣé òyìnbó ń gbéṣu lọ tọrọ ìyàwó ni? Kò síṣu kankan nínú sinimá yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Baba Àdùkẹ́ yíjú padà lórí àga, wọ́n wo ọmọ wọn títí. Wọ́n ní, "Hẹ̀n." Ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà létí mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há mi lẹ́nu ni ìparí ẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́ṣin yìí ló he igi ṣóńṣó kan, ló sáré wọlé, ló gún Alágbádá Dúdú láyà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ògbufọ̀, ṣebí o ní ọ̀gá ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ìpín ni wọ́n ń jà sí. Ọ̀gá ò fún un ní tiẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ bí àwọn olè ṣe máa ń ṣe ni?" Wọ́n ní òótọ́ ni. Ẹni yẹn ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà wá gbé ọmọbìnrin yìí sínú kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ bá baba ẹ̀. Baba ẹ̀ dì mọ́ ọn. Mo ní baba ń dágbére fún ọmọ ni, kò ní fojú kàn án mọ́. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Aṣọ funfun ṣófo. Bí Alágbádá Dúdú ṣe parí ní Ìlobù nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Baba Àdùkẹ́ fi dá gbogbo ẹrù padà sí Ẹ̀rìn. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́ ni. Àgbàlagbà wo ló máa sọ pé sinimá ló kọ́ òun lọ́gbọ́n?

Èmi rò pé ibẹ̀ náà ló parí sí. Mi ò ro ti ìwádìí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, kí wọ́n tó fọmọ fún èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ilé ẹ̀ wò. Ṣé wèrè ò sí nínú wọn? Ṣé kò sí àrùn burúkú? Ṣé wọn ò jalè rí? Bí wọ́n bá wá gba ẹrù tán, tí wọ́n tún dá a padà láìwí nǹkan kan, gbogbo ayé á ní wọ́n ti rí nǹkan nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bira wọn ní Ẹ̀rìn pé kí ni Ìfọ́n rí nílé Làmídì. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Sàlámọ̀, ti ní ẹni tó ń wá a bọ̀. Ẹni yẹn ò wá mọ́. Òmíràn wá, ó wádìí, ó yà. Ọdún gorí ọdún kí Sàlámọ̀ tó rílé ọkọ. Ìyá wọn ń bẹ Ọlọ́run lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò mọ̀.

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo dé Ẹ̀rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kìíní, Làmídì gbé oúnjẹ fún mi. Ìgbà kejì, ìyá ẹ̀ ló gbé oúnjẹ fún mi. Mo jẹun, mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Èmi ni mo fẹ́ Àdùkẹ́. Mo dúró fún ọdún kan gbáko kí n tó ránṣẹ́ sí Ìfọ́n, kó má bàa jọ nǹkan. Baba ẹ̀ ní, "Ẹni tó là wá lójú ni. Ẹ mú un fún un." Ta ló wa lọ́rì tó gbé ìyàwó wá bá mi ní Ìlobù? Làmídì ni. Òun ló ní òun á gbé e. Ó ní bí kì í bá ṣe tòun, kó jẹ́ ti ọ̀rẹ́ òun. Ó fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ó so ọ̀págun aṣọ mọ́ iwájú ẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé ń jó. Èmi ò lè wo ojú ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi gbohùngbohùn sílẹ̀. Ọ̀gá Mọ́ndé bẹ̀ mí títí. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Mo gbé ọkọ́, mo lọ sóko.

Ọlọ́run ṣàánú Làmídì. Ó fẹ́ ará Òṣogbo kan tí ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Ẹ̀rìn. Ó bímọ mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn ló bá mi rẹ́ ilé tí mò ń gbé yìí. Ẹ̀rín ẹ̀ ò dín kù. Ṣùgbọ́n bó bá ti bá mi jókòó pẹ́, ó di dandan kó bi mí, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ni Baba Àdùkẹ́ rí lára wa gan-an? Ìwọ tóo fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò sọ ọ́ fún ẹ rí?" Màá ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan." Òótọ́ ni, wọn ò sọ. Baba ti kú báyìí, wọn ò sọ ọ́ fẹ́ni kan. Mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi òótọ́ purọ́.

Jímọ̀ méjì sẹ́yìn ni Rùkáyá gbé fóònù ẹ̀ wá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Alágbádá Dúdú fún un nígbà tó wà ní kékeré. Ó wá a títí ó fi rí i, èyí ìparí yẹn gan-an. Làmídì wà níbẹ̀. Àdùkẹ́ náà wà níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Rùkáyá ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ sinimá tí mo túmọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin ẹlẹ́ṣin yẹn, àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin náà ni. Ó ń ṣọ́ ọ ni, torí ẹ̀ ni kò fi ń sùn lóru. Òun ló gbà á sílẹ̀. Nígbà tó gbé e dọ́dọ̀ baba ẹ̀, baba ẹ̀ fún un lọ́mọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò sẹ́lòmíì tó dáa tó o.

Àdùkẹ́ dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ó ní, "Baba Ìdáyá, òyìnbó inú fóònù yìí ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó yín." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Ògbufọ̀, ẹ wá jẹun," "Ògbufọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé àtùpà yẹn?" Mi ò mọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí ì bá mú ká ní wọ́n bi í nígbà yẹn. Àádọ́ta ọdún lé, mi ò bi í rí.

Làmídì ò rẹ́rìn-ín. Fóònù ti kú, ó ṣì ń wò ó. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ráyè wo ìparí ẹ̀, mo wà lọ́nà. Àwọn tó wò ó sọ fún mi pé èèyàn burúkú ni awakọ̀ yẹn." Mo ní, "Hẹ̀n." Ó ní kí Rùkáyá fún òun lómi. Ó mu ún, ó dìde, ó kí wa pé ó dàbọ̀. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni arúgbó ṣe ń sọ irú èyí lójú ọ̀rẹ́ ẹ̀? Ṣé kí n kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ẹ̀rìn ni? Sàlámọ̀ ńkọ́? Ó ti di ìyá àgbà níbi tó wà, ṣé ẹsẹ̀ mi á gbé mi dọ́dọ̀ ẹ̀? Bí wọn ò bá dárí jì mí, ó tọ́ sí mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ̀ ní Ẹ̀rìn pé kò sí nǹkan kan lára ilé Làmídì. Kò sí wèrè, kò sí olè, kò sí àrùn. Ọkùnrin kan tí ò gbọ́ èdè, tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ, ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Rùkáyá, ó tó. Òní Jímọ̀ ni, Làmídì sì ti dé. Ìgbà tí mo wà lórí ọ̀rọ̀ Gánà ni mo gbọ́ tí ọ̀pá ẹ̀ kan ògiri lọ́dẹ̀dẹ̀. Kò kí wa. Ó kàn jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí. Ìyá ẹ àgbà náà ti dákẹ́ ní kíṣìnnì, mi ò gbọ́ ìró abọ́ mọ́. Etí Làmídì ti wúwo, o mọ̀. Ṣí fèrèsé yẹn. Ṣí i dáadáa. Wá kà á padà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kà á sókè. Má túmọ̀ nǹkan kan níbẹ̀ o. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kóo kà á.